Ìpàdé Ẹnì Kan ní Ilé Obì

Òórùn ewé tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ewé tí a fi ń bo obì gbànja nínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ, tí a máa ń wọ́n omi sí ní àràárọ̀. Òórùn náà kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó bá jókòó tì mí kò nílò kó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ilé obì wa wà ní Ìjòkú, ní Ṣàgámù, lẹ́yìn ilé tí ọkọ mi kọ́. Páànù ni òrùlé rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì máa ń tutù bí ẹnu kànga nígbà tí oòrùn bá ń sun gbogbo ayé níta. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ta báàgì sìmẹ́ńtì báyìí. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. N kì í gbọ́ òórùn kankan mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba inú ilé yẹn kọjá, mo sì mọ orúkọ gbogbo wọn títí dòní. Ṣìfáwù ọmọ àdúgbò Ibido ni olórí àwọn obìnrin tí ń ṣa obì. Ràbíátù wà níbẹ̀, àti Wúlẹ̀mótù tí kì í pẹ́ bínú, àti Jímọ̀ tó ń wa lọ́rì, tí kò lè ṣe kó má kọrin bó bá ti di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ohun tí etí mi bá gbà, kì í jábọ́. Síbẹ̀, orúkọ ẹnì kan wà tí n kò ní kọ síhìn-ín. N kò gbàgbé rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, ọmọdé tí ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá ni. Ó yọjú sí mi láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun báláú. Mo bá sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti pè pé, "Ọkọ mi Eyínafẹ́," ibi yòówù tó bá wà nínú agbo ilé, á dáhùn pé, "Oo, ìyàwó wa." Mo ń bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọkọ, òun náà ń bọ̀wọ̀ fún mi nítorí pé èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un lóúnjẹ. Èmi "ẹ," òun "ẹ." Bí a ṣe wà nìyẹn títí orí àwa méjèèjì fi funfun.

Ọkọ mi, Bàbá Délé, ló sọ òwò obì náà di kọ́ńpìnnì. Wọ́n ti sọ fún un pé báńkì kì í fetí sí ẹni tó kàn ń pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò. Òun àti Eyínafẹ́ ni wọ́n jọ ni ín, ìpín ti ọkọ mi ló pọ̀ jù. Ìwé òfin kọ́ńpìnnì náà wí pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè jẹ́ ìpàdé, wọ́n sì máa ń ṣe é lọ́dọọdún, nínú ilé obì, lórí tábìlì kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. Ọkọ mi á pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, á dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Mo wà níbí." Á wá pe orúkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, bí ẹni tó ń pe ọ̀pọ̀ èrò. Èèyàn méjì tí wọ́n jọ jí nínú ilé kan náà láàárọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tú ká, ọkọ mi á ní, "Mo dábàá pé kí a parí ìpàdé." Eyínafẹ́ á ní, "Mo tì í lẹ́yìn, ebi ń pa mí." Èmi á sì pòṣé sórí ọbẹ̀. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Obìnrin tí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wá eré náà tì ni mí nígbà náà.

Bàbá Délé kú nígbà tí obì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Ìjọba alágbádá ṣì wà lórí oyè. Ó lọ wo àwọn àgbẹ̀ ní Akaka, ó dé, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. N kò sunkún tó bó ṣe yẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí, wọ́n ń wò mí, ojú mi gbẹ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé ọwọ́ rẹ̀, tó jí, tí ọwọ́ náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ara mi ló rí bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Mo ń dá àwọn ènìyàn lóhùn. Mo ń jẹun bí wọ́n bá gbé e síwájú mi.

Obì kò dúró de ọ̀fọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé e wá, ilé kún, àwọn oníbàárà wa láti òkè Ọya dé, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn ṣe ohunkóhun. Báńkì ní ọwọ́ ẹni méjì ni àwọn mọ̀ lórí ìwé owó, ti ọkọ mi àti ti àbúrò rẹ̀, ọ̀kan sì ti wọlẹ̀. Wọ́n ní kí kọ́ńpìnnì ṣe ìpàdé, kí ó yan ẹlòmíràn, ìgbà náà ni àwọn yóò tó ṣí ọ̀nà. Ìpín ọkọ mi ti bọ́ sí ọwọ́ mi nítorí àwọn ọmọ. Àwa méjì ló kù, èmi àti Eyínafẹ́. Ohun tó rọrùn ni. Kí a jókòó, kí a sọ̀rọ̀, kí a dìde.

Mo pe ìpàdé. Lọ́yà wa, Kúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìpẹ̀rú ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bá mi kọ ìwé ìpè. Eyínafẹ́ gbà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi àti Kúnlé jókòó títí oòrùn fi yí. Kò wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ó yọ sí mi ní ilé ìdáná gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó wẹ ọwọ́, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ. Mo ní, "Ọkọ mi, a retí yín." Ó ní, "Mo gbọ́." Ó tún ní kí n bu ẹja sí i. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà kejì. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà kẹta.

Gbogbo Ìjòkú ní àlàyé. Àwọn kan ní ó fẹ́ kí ilé obì kú kó lè rà á ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan ní ó ní kí n wá fẹ́ òun, pé mo kọ̀ ni. Wúlẹ̀mótù ní tí òun bá jẹ́ èmi, òun á ti bu ata tó ń pa ènìyàn sí ìkọ́kọrẹ́ náà. Ara mi kò gba èyíkéyìí nínú rẹ̀. Obì ọdún yẹn bàjẹ́ sọ́wọ́ wa. Kòkòrò wọ̀ ọ́, a kó o dànù sẹ́yìn ilé, Ṣìfáwù sì jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ní, "Ìyá Délé, bí ti ọdún tó ń bọ̀ bá tún ṣe báyìí, àwọn ará Akaka á wá ẹlòmíràn, àwa náà á sì lọ máa gé gbáàgúdá." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ilé obì bá pa dé ní ìgbà kejì, kò ní ṣí mọ́.

Kúnlé ló mú ọ̀rọ̀ kóòtù wá. Ó ní òfin fàyè gbà á pé bí ìpàdé kọ́ńpìnnì kò bá ṣeé pè nítorí pé àwọn onípìn-ín kò wá, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n ṣe é, ó sì lè ní kí ẹnì kan ṣoṣo tó ìpàdé. Mo wò ó.

Mo ní, "Kúnlé, ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé."

Ó ní, "Bí adájọ́ bá ti sọ pé ó jẹ́ ẹ, Màmá, ó jẹ́ ẹ nìyẹn."

A lọ sí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Mo ti fi gbogbo òru kọ́ bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀, mo so báàgì mi mọ́ ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Adájọ́ náà jẹ́ àgbàlagbà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti pe àbúrò ọkọ mi fúnra mi, láìfi ti lọ́yà ṣe. Mo ní mo pè é. Ó ní kí ló wá wí. Mo ní, "Ó ní ìkọ́kọrẹ́ náà dùn." Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, èmi sáà dá ohun tí wọ́n bi mí lóhùn. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì pàṣẹ: kí ìpàdé wáyé nínú ilé obì wa, kí n jẹ́ alága rẹ̀, kí n pe orúkọ àwọn onípìn-ín sókè lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe kọ́ńpìnnì náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì wọlé, kí èmi nìkan jẹ́ ìpàdé. Mo tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kọjá lójú mi bí ẹyẹ. A ti dé Ìkòròdú lójú ọ̀nà ilé kí n tó rántí ohun tí wọ́n ní kí n ṣe.

Lọ́jọ́ náà mo gbálẹ̀ ilé obì fúnra mi. Tábìlì kan, àga méjì: ti Bàbá Délé, tí èmi máa jókòó sí, àti ti Eyínafẹ́. Mo bi Kúnlé léèrè ọwọ́ tí mo máa nà sókè tí mo bá fẹ́ fara mọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀tún ni tàbí òsì. Ó ní èyíkéyìí. Ó lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Mo wà níbí o, ṣùgbọ́n ẹ má kà mí." Ṣìfáwù àti àwọn obìnrin dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó pè wọ́n, kò sí ẹni tó lè lé wọn. Àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká obì tuntun.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́. Eyínafẹ́ ni. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi ìyeyè tó wà ní iwájú ilé obì, ó jókòó sórí gbòǹgbò rẹ̀, ó sì kọjú sí wa. Kúnlé fò dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé." Eyínafẹ́ wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo òjò tí kò kàn án. Kúnlé padà wá jókòó.

"Màmá, ẹ pe orúkọ."

Mo dìde. Mo pe orúkọ ara mi, mo sì ní, "Mo wà níbí." Ohùn mi dún nínú ilé òfìfo yẹn, mo sì rántí ẹni tó máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn níbẹ̀. Mo wá wo orúkọ kejì lórí ìwé tí Kúnlé kọ orúkọ wa sí. Mo la ẹnu. Ahọ́n mi jókòó. Mo tún la ẹnu. Kúnlé rò pé n kò mọ̀ ọ́n kà, ó sún mọ́ mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ṣìfáwù ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Lọ́yà, ṣé ẹ fẹ́ kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni?"

Kúnlé ní, "Kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni."

"Kí wá ni ìyàtọ̀? Ṣé wọn kì í gbéyàwó ní Èkó ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Kúnlé nu iwájú orí rẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé bí òun bá pè é, ẹnu àjèjì ni, òun kò ní ìpín níbẹ̀. Bí n kò bá sì pè é, a kò tẹ̀ lé àṣẹ, ìpàdé náà á fọ́, a ó sì padà sí kóòtù, obì tuntun á sì tún bá ti àtijọ́ lọ. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin yà fún mi. Mo wo ẹni tó jókòó lábẹ́ igi, mo sì pè é bí mo ṣe máa ń pè é.

"Ọkọ mi Eyínafẹ́."

"Oo, ìyàwó wa." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Kúnlé pariwo lẹ́yìn mi pé ó ti dáhùn, ó ti wà ní ìpàdé. Eyínafẹ́ mi orí. Ó ní, "Lọ́yà, ìyàwó wa ni mo dá lóhùn. N kò dá kọ́ńpìnnì lóhùn."

Mo dúró síbẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí n bínú, mo wá ìbínú náà, n kò rí i. Mo kàn ń wò ó. Kò sí ẹ̀rín ní ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ kẹ́yìn. Òun náà ń wò mí. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ẹnu mi, ó sì yé e. Ó dìde. Ó fi ọwọ́ gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó kọjú sí ilé obì, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń pè é gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn ìkẹta, òun náà ló dáhùn:

"Ẹni yẹn kò sí níbí."

Kúnlé yẹ ìwé àṣẹ adájọ́ wò. Ó rọra bi mí pé, "Alága, ṣé ẹ gba ìpè yẹn bí ìpè yín? Onípìn-ín ni ẹnu tó pè é." Mo ní, "Ohun tó pè yẹn, èmi ni mo pè é." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn lọ́yà máa ń rí ọ̀nà níbi tí àwa bá ti rí igbó.

Mo padà sí ìdí tábìlì. Mo dábàá pé kí èmi àti Délé ọmọ mi máa darí kọ́ńpìnnì, kí báńkì sì máa gba ọwọ́ àwa méjèèjì. Mo béèrè ẹni tó fara mọ́ ọn. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Mo béèrè ẹni tó lòdì sí i. Mo wo àga kejì, mo dúró fún un bí ẹni pé ó ń ronú. Ó ti parí nìyẹn. Mo bi Kúnlé bí a ṣe ń tú ká. Mo ní ẹnì kan ní í dábàá, ẹlòmíràn ní í tì í lẹ́yìn, ta ni yóò tì mí lẹ́yìn? Kúnlé ronú, ó ní adájọ́ kò sọ ìyẹn, kí n sáà dìde. Mo dìde. Ṣìfáwù ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo yọjú síta, kẹ̀kẹ́ kò sí lábẹ́ igi mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wá jẹ ìkọ́kọrẹ́. Mo bu ẹja púpọ̀ sí i. A kò sọ̀rọ̀ ilé obì. Ilé obì yè, ó tọ́ àwọn ọmọ mi àti ọmọ Ṣìfáwù, títí di ìgbà tí Délé re òkè òkun tí agbára mi kò sì gbé e mọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, Eyínafẹ́ kò fi ẹsẹ̀ kan inú rẹ̀. Bí òjò bá ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, á dúró sínú òjò. N kò bi í rí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyàwó kì í bi ọkọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ní ọdún tó kọjá, lórí ibùsùn tí kò dìde níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ obì. Ó ṣí ojú, ó ní, "Ìyàwó wa, àga ilé obì yẹn. Bí mo bá wọlé, tí mo rí ẹlòmíràn lórí rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú." Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Kò burú, ẹ̀yin kúkú ni ẹ jókòó síbẹ̀." Ó wá fi eyín hàn mí díẹ̀, àwọn tó kù.

Nígbà tí wọ́n sìn ín, àlùfáà pe orúkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀, léraléra. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìsìnkú, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ojú mi tún gbẹ, bíi ti ìgbà tí Bàbá Délé kú. Wọ́n ń wò mí.

Mo ṣì máa ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bù ú tán, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí, mo sì pè é: Ọkọ mi Eyínafẹ́. Mo dúró. Mo tún pè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo pè é kó lè pé. Ajá aládùúgbò gbó díẹ̀, ó dákẹ́.

Mo padà wọlé, mo jókòó sí ìdí oúnjẹ náà. Adájọ́ ìjọ́sí ní ẹnì kan tó ìpàdé, òótọ́ ló sọ, ó tó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò tí ì sí ẹni tó bá mi tì í lẹ́yìn pé kí a parí rẹ̀.